Bí ẹ ṣe lè bomi rin ẹ̀fọ́ nígbà tí wọ́n bá fòfin de họ́ọ̀sì

Ẹ̀yin ará wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má jẹ́ kí tẹ̀tẹ̀ àti ata yín gbẹ dànù torí òfin ọ̀dá: họ́ọ̀sì, ìyẹn rọ́bà gígùn tí wọ́n fi ń fa omi látẹnu ẹ̀rọ, ni wọ́n máa ń kà léèwọ̀ nígbà ọ̀dá, kì í ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì. Òfin ọdún 2010 ló fún àwọn ilé-iṣẹ́ omi láṣẹ láti fòfin de họ́ọ̀sì, owó ìtanràn ẹni tó bá rú òfin náà sì lè tó £1,000. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ṣáwà, kí omi tútù tó máa ń ṣáájú omi gbígbóná má bàa ṣòfò. Omi tí ẹ fi fọ ìrẹsì náà dára gan-an. Ìdí gbòǹgbò ni kí ẹ rọra dà á sí nírọ̀lẹ́, kí oòrùn má bàa fà á gbẹ. Omi ọṣẹ díẹ̀ ò burú, àmọ́ ẹ má tọ́jú u mọ́jú, ẹ má sì jẹ́ kó kan ewé tí ẹ máa jẹ. Èyí tó bá ní bleach, ẹ dà á nù.