Bí A Ṣe Ń Lo “Used to” Láì Ṣì Í Lò

Nọ́ọ̀sì bi aláìsàn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru pé ṣé ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Aláìsàn fèsì pé, “I use to take it every morning.” Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun máa ń lò ó láràárọ̀. Àmọ́ etí tó bá gbọ́ ọ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí yóò gbọ́ “used to”, ìyẹn ni pé ó ń lò ó tẹ́lẹ̀, ó ti wá jáwọ́. Ẹni tó ń wá iṣẹ́, tí wọ́n bi pé ṣé ó máa ń tètè dé ibi iṣẹ́, tó wá dáhùn pé “I used to come early”, ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kì í tètè dé mọ́. Àṣìlò yìí kì í ṣe ti ẹni tí kò kàwé nìkan. Ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, lẹ́nu akọ̀wé ìjọba, lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, láti Ìlọrin dé Ọ̀fà. Ó yẹ ká tún un ṣe, torí ó ń sọ ohun tí èèyàn ní lọ́kàn di òdìkejì rẹ̀.

“Máa ń” tiwa ló fà á. Nínú Yorùbá, bárakú ni “máa ń” ń sọ, kò sì kàn án bóyá bárakú náà ṣì ń bá a lọ tàbí ó ti dópin. “Ìyá mi máa ń ta wàrà ní Ọjà Ọba” lè jẹ́ ti òní. Ó sì lè jẹ́ ti ogún ọdún sẹ́yìn, tí a bá fi “tẹ́lẹ̀” tàbí “nígbà yẹn” kún un. “Used to” kò gba méjèèjì. Ohun tó ti kọjá, tó sì ti dópin, nìkan ló wà fún. Nítorí náà, kí ẹ tó lò ó, ẹ kọ́kọ́ fi Yorùbá dán gbólóhùn yín wò: ṣé “tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́” lè tẹ̀lé e? Bó bá lè tẹ̀lé e, “used to” ló yẹ. Bí kò bá lè tẹ̀lé e, ẹ má fẹnu kàn án.

Ẹ wo Lókója. Ìpínlẹ̀ Kwara ló wà títí di ọdún 1991 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀. Kò sí ní Kwara mọ́, torí náà: “Lokoja used to be in Kwara State.” Nígbà tí wọ́n dá Kwara fúnra rẹ̀ sílẹ̀ ní 1967, West Central State ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é: “Kwara used to be called West Central State.” Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀lé “to” kì í yí padà: be, go, sell, live. Kì í ṣe “used to went”, kì í sì í ṣe “used to living”. Olùwà náà kì í yí “used” padà: I used to, she used to, they used to. “He uses to” kò sí níbẹ̀ rárá.

Kí wá ni ká fi sọ “máa ń” ti òní? Ọ̀rọ̀-ìṣe lásán ti tó. “My mother sells wara at Oja-Oba.” “I take it every morning.” Bí ẹ bá fẹ́ kó túbọ̀ hàn pé bárakú ni, ẹ fi usually, often tàbí always kún un. Iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n ń jókòó sí, “I usually close at four”, àfi bó bá jẹ́ am, is tàbí are, ẹ̀yìn ìwọ̀nyẹn ni wọ́n máa wà: “He is usually at home on Fridays.” Nǹkan kan máa ń dojú rú níbí. Ẹni tó ti ń sọ “she use to sell” látọjọ́ pípẹ́ máa yọ “use to” kúrò, á wá ku “she sell”. Lẹ́tà s gbọ́dọ̀ padà wá fún he, she àti it: she sells, he goes, it rains.

Lẹ́tà d tó gbẹ̀yìn “used” ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú nínú ìwé kíkọ. Lẹ́nu, t tó wà nínú “to” ti gbé d mì, “yúùs-tu” nìkan là ń gbọ́. Ohun tí etí gbọ́ ni ọwọ́ ń kọ, ló fi di “I use to live in Offa”. Ẹ kọ d náà bí ẹ kò tilẹ̀ gbọ́ ọ. Ìgbà tí did tàbí didn't bá ti ṣáájú ló máa ń kúrò, torí did ti gbé àmì ohun tó kọjá dání, a kì í sì í gbé àmì yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí kan náà ló jẹ́ ká máa sọ “Did he go?” dípò “Did he went?” Nítorí náà: “Did you use to live in Offa?” “We didn't use to buy water.” Àwọn tó ń múra ìdánwò sílẹ̀, ẹ fọkàn sí èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fẹ́ mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá ti fẹ́ sọ iye ọdún tàbí iye ìgbà, ẹ pa “used to” tì. “I used to live in Offa for six years” kò tọ́. “I lived in Offa for six years” ni. Bákan náà ni “I went to Lagos three times last year”. Bárakú tí a kò ka iye rẹ̀ ni “used to” ń fẹ́.

Àwọn méjì kan wà tó jọ ọ́, tí wọ́n sì máa ń kó ara wọn pọ̀ mọ́ ọn. Àkọ́kọ́ ni èyí tí am, is, are, was tàbí get ṣáájú rẹ̀. Ohun tí Yorùbá ń pè ní “ó ti mọ́ mi lára” nìyẹn. Oòrùn oṣù kẹta ní Ìlọrin kì í ṣe kékeré, àmọ́ ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ lè sọ pé, “I am used to the heat.” Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ lè fi í lọ́kàn balẹ̀ pé, “You will get used to it.” Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ló tẹ̀lé e, -ing gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀: “I am used to waking up early.” Bí ẹ kò bá dá a mọ̀, ẹ fi it dán an wò. “I am used to it” dùn-ún gbọ́, nítorí náà -ing ló kàn. “I used to it” kò ṣe é gbọ́ sétí, nítorí náà ọ̀rọ̀-ìṣe lásán ló kàn. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. “I used to sleep on a mat” ń sọ pé orí ẹní ni mo ń sùn tẹ́lẹ̀, mi ò sùn síbẹ̀ mọ́. “I am used to sleeping on a mat” ń sọ pé kò sí wàhálà, ẹ tẹ́ ẹ fún mi.

Èkejì ni “fi ṣe”. Àwọn amọ̀kòkò Òkèlele ní Ìlọrin ń fi amọ̀ mọ ìkòkò: “Clay is used to make pots.” Níhìn-ín, “yúùzd” ni, s inú rẹ̀ dún bíi z, kò dún bíi s. Nǹkan ló sábà máa ń ṣáájú, kì í ṣe èèyàn. Bó bá jẹ́ àwọn amọ̀kòkò fúnra wọn lẹ ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ó ti di mímọ́ lára: “The potters are used to making big pots.”

Ẹ fi ìwé bo ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ túmọ̀ mẹ́fà yìí sí Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá wa máa ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tẹ́lẹ̀. Mo máa ń jí ní aago márùn-ún. Jíjí ní aago márùn-ún ti mọ́ mi lára. Ṣé Àjàṣẹ́-Ìpo lẹ ń gbé tẹ́lẹ̀? Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ní Tanke. Ọkọ́ la fi ń kọ ebè.

Ìdáhùn: “Our father used to drive a lorry.” “I usually wake up at five”, ẹni tó kọ used to níbí ti sọ pé òun kì í jí lásìkò yẹn mọ́. “I am used to waking up at five.” “Did you use to live in Ajase-Ipo?”, láìsí d. “I lived at Tanke for four years”, torí iye ọdún wà níbẹ̀. “A hoe is used to make heaps.” Bó bá jẹ́ ìkejì ló gbé yín ṣubú, ẹ padà sórí ìdánwò “tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́”, kí ẹ kọ gbólóhùn mẹ́wàá nípa ohun tí ẹ̀ ń ṣe lójoojúmọ́, láìfi “use to” sí ọ̀kankan nínú wọn.