Redis Cluster yín ń gba tẹni kan, kò gba tẹlòmíì? Ẹ wo ibí

Ẹ gbọ́ o, ìrọ̀lẹ́ kan báyìí mo wà lọ́fíìsì ní Alágbàka níbí ní Àkúrẹ́, àwọn kọ́sítọ́mà ń pè pé áàpù wa tó ń lo Redis Cluster (ọ̀pọ̀ sáfà Redis tó jọ ń tọ́jú dátà sínú mẹ́mọ́rì) ń gbé error jáde, tẹ́nìkan ń ṣí tẹlòmíì ò ṣí, ìyẹn gan-an ló fẹ́ sọ mí di wèrè, torí ká ní kò ṣí fún gbogbo wọn ni ǹ bá tètè mọ ohun tó ń ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ ka error yẹn dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí "OOM command not allowed", mẹ́mọ́rì ti kún nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ní kí Redis lé nǹkan kan jáde, torí noeviction (má lé nǹkan kan) ló máa ń wà ní maxmemory-policy, ìyẹn sẹ́tíǹsì tó ń sọ ohun tí Redis máa lé, tẹ́ ò bá fọwọ́ kàn án. Allkeys-lru lèmi máa ń lò fún kéèṣì (ẹ̀dà dátà tá a ṣì lè rí níbòmíì), èyí tí wọn ò tíì lò tipẹ́ ló máa ń kó dànù. Tó bá jẹ́ dátà tí kò sí níbòmíì lẹ kó síbẹ̀, ẹ má dán an wò o! Volatile-lru náà ń tan èèyàn, kọ́kọ́rọ́ (orúkọ tẹ́ ẹ fi tọ́jú dátà) tó ní TTL (àkókò tó máa parí) nìkan ló ń lé, tí kò bá sí TTL lára ìkankan, noeviction náà ni.

Ibi tó ti mú mi rèé. Mo ti tẹ CONFIG SET (àṣẹ tó ń yí sẹ́tíǹsì padà) sórí nóòdù kan (sáfà Redis kan nínú Cluster) tipẹ́, mo rò pé ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù. Irọ́ ni. Slot (àyè tí kọ́kọ́rọ́ ń bọ́ sí), gbogbo ẹ̀ jẹ́ 16384, ni àwọn master (nóòdù tó ń gba dátà) jọ pín, wọn ò pín sẹ́tíǹsì, ó dà bí àwọn ìyá onígààrí l'Ọ́jà Ọba, kóńgò tìyá yìí ò kan tìyá kejì. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ bá bọ́ sọ́dọ̀ nóòdù tí mi ò dé, error ló máa rí. Ẹ tẹ èyí, á bi gbogbo wọn léèrè lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan replica (nóòdù tó ń ṣe ẹ̀dà master):

redis-cli --cluster call 127.0.0.1:7000 CONFIG GET maxmemory-policy

Ẹ wo maxmemory (ìwọ̀n mẹ́mọ́rì tó lè lò) náà bẹ́ẹ̀. Ẹ má fojú di replica, ọjọ́ tí master bá kú, òun ló máa gbapò ẹ̀, sẹ́tíǹsì tara ẹ̀ ló sì máa gbé wá.

Mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe, mo lọlé. Iná lọ lóru, jẹnẹrétọ̀ ò ṣíṣẹ́, nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́ noeviction ti padà sípò ẹ̀. CONFIG SET ò dé inú fáìlì sẹ́tíǹsì, àfi tẹ́ ẹ bá tẹ CONFIG REWRITE tẹ̀lé e, lórí nóòdù kọ̀ọ̀kan. Tó bá ní kò sí config file, a jẹ́ pé ẹ ò fún un ní redis.conf nígbà tẹ́ ẹ ń gbé e dìde.

Tẹ́ ẹ bá rí error MOVED, kì í ṣàìsàn o, nóòdù tó yẹ kẹ́ ẹ lọ ló ń júwe, ẹ fi -c sí redis-cli kó lè tẹ̀lé e fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ wo evicted_keys (iye kọ́kọ́rọ́ tó ti lé) nínú INFO stats: tó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá ń sáré tí keyspace_misses (iye ìgbà tí wọ́n wá kọ́kọ́rọ́ tí wọn ò rí i) náà ń sáré tẹ̀lé e, mẹ́mọ́rì ló kéré, ẹ lọ ra RAM.