Bí Mo Ṣe Fi Àpò Ewé Yẹ Odò White Clay Creek Wò

Nínú odò White Clay Creek ni wọ́n ti ń fa apá kan nínú omi tí àwa ará ìlú Newark, ní ìpínlẹ̀ Delaware lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ń mu. Odò náà kò tóbi rárá: láti ìpínlẹ̀ Pennsylvania ló ti ń ṣàn bọ̀, ó sì ń gba àárín oko kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Etí ẹ̀ka rẹ̀ kan ni ilé-ìwádìí Stroud Water Research Center, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, wà, àwọn ni wọ́n sì ń kọ́ àwọn olùkọ́, ọmọ ilé-ìwé àti ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ní ọ̀nà àyẹ̀wò tí mo lò yìí: a máa ń gbé àpò ewé sínú odò kí àwọn kòkòrò lè kó sínú rẹ̀, a ó sì ti ara wọn mọ bí omi náà ṣe mọ́ tó.

Bí a bá bu omi sínú ìgò, ohun tó wà nínú rẹ̀ ní wákàtí yẹn nìkan ló lè sọ fún wa, nítorí pé ìdọ̀tí tí ẹnì kan dà sódò lálẹ́ àná lè ti bá omi lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn kòkòrò tó ń gbé inú odò kò ní ibi tí wọn yóò sá lọ. Púpọ̀ nínú wọn ń lo oṣù mélòó kan, àwọn mìíràn tó ọdún kan, nínú omi kí wọ́n tó hu ìyẹ́. Ohunkóhun tó bá ṣe odò láàárín àkókò náà, ó ṣe àwọn náà.

Ìgbà ìwọ́wé ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Mo ṣa ewé gbígbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lábẹ́ àwọn igi etí odò fúnra rẹ̀, mo kó wọn sínú àpò oníhò wẹ́wẹ́ bí àwọ̀n, irú èyí tí wọ́n fi ń ta àlùbọ́sà, mo sì fi okùn dè é mọ́ bíríkì. Ibi tí omi ti ń sáré gba orí òkúta ni mo gbé e sí, kì í ṣe inú ọ̀gbun tí omi ti dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni a máa ń fi í sílẹ̀, kí àwọn olú tíntìntín àti bakitéríà lè bo ewé náà, kí wọ́n sì sọ ọ́ di rírọ̀. Lójú kòkòrò, ewé lásán dà bí ẹ̀kọ tí kò ní àkàrà.

Nígbà tí mo padà lọ gbé e, mo ti korobá bọ abẹ́ àpò náà kí n tó fà á sókè, torí pé ọ̀pọ̀ kòkòrò ló máa ń já bọ́ bí omi bá ti ń ro kúrò lára rẹ̀. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú àwo funfun, mo sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré ṣí ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti jẹ àwọn mìíràn ku iṣan nìkan. Mo rí ọmọ kòkòrò tí wọ́n ń pè ní stonefly, tó ní ìrù méjì; mo rí ti èyí tí wọ́n ń pè ní mayfly, tí púpọ̀ nínú wọn ní ìrù mẹ́ta, tí ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fi ń mí sì ń gbọ̀n ní ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀; mo sì rí ti èyí tí wọ́n ń pè ní caddisfly nínú ilé tó fi òkúta wẹ́wẹ́ kọ́ fúnra rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò lè fara da omi tó dọ̀tí. Àpò mìíràn tí mo gbé sí ibi tí kò sí igi, tí wọ́n ti gé koríko dé bèbè odò, kò ní ju ekòló àti ìdin pupa lọ, àwọn tó lè gbé níbi tí atẹ́gùn ti ṣọ̀wọ́n nínú omi. Lẹ́yìn tí mo ka iye wọn tán, mo dá gbogbo wọn padà sódò.

Kò yà mí lẹ́nu, nítorí pé ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2004 ti fi hàn pé odò kéékèèké tó wà lábẹ́ igi máa ń fẹ̀ ju èyí tí koríko yí ká lọ, èyí sì ń fún àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ní àyè tó pọ̀ sí i. Ní tèmi, gbígbin igi ṣe pàtàkì ju àyẹ̀wò tí a ń tún ṣe lọ́dọọdún lọ. Nítorí náà ni mo ṣe dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń gbin igi sí bèbè náà. A ki ọ̀pá oníhò tí wọ́n fi ike ṣe bọ ọ̀dọ́ igi kọ̀ọ̀kan kí àgbọ̀nrín má bàa jẹ ẹ́, a sì ta àwọ̀n bo ẹnu rẹ̀ kí ẹyẹ má bàa há sínú. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé kí a má jẹ́ kí koríko ga nídìí rẹ̀, nítorí pé inú koríko bẹ́ẹ̀ ni àwọn eku máa ń sá pamọ́ sí nígbà òtútù, tí wọ́n á sì máa jẹ èèpo igi náà yí po títí tí yóò fi kú.