Bí orin Bluetooth bá di ohùn inú agolo

Ẹ̀yin ará, bí earpiece Bluetooth yín bá ń dún kedere, tí ohùn rẹ̀ wá dà bí èyí tó ń ti inú agolo jáde gẹ́rẹ́ tí ẹ wọ ìpàdé Zoom lórí kọ̀ǹpútà, ẹ má tíì jù ú nù. Kò bàjẹ́. Máìkì rẹ̀ ló ṣí. Bluetooth á kúrò lórí A2DP, ìlànà tó wà fún orin, á bọ́ sórí HFP, ìlànà tó wà fún ìpè. Ohùn ọ̀tún àti tòsì á di ọ̀kan.

Nínú Windows 11, ẹ lọ sí Settings, System, Sound. Lábẹ́ Input, ẹ yan máìkì ara kọ̀ǹpútà. Ẹ tún un yàn nínú Zoom o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń gbàgbé. Kọ̀ǹpútà tí kò ní máìkì? Máìkì USB á ṣe é.