Bí koríko iwájú ilé kò ṣe ní gbẹ tí ẹ bá rìnrìn àjò nígbà ooru

Houston ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, koríko St. Augustine ló sì wà níwájú ilé mi. Bí mo bá fẹ́ lọ sí Ìbàdàn lóṣù keje, òun ni mo máa ń tọ́jú kí n tó di ẹrù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e mọ́lẹ̀ torí pé ẹ ń lọ. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i. Koríko tó ga tó íǹṣì 3 sí 4 ló ń ṣíji bo ilẹ̀ tí omi kò fi ní tètè gbẹ. Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ, ẹ sì fi èyí tí ẹ gé sílẹ̀ kó jẹrà síbẹ̀. Ajílẹ̀ ńkọ́? Ó di ìgbà tí ẹ bá dé.

Ọ̀rọ̀ omi ló ṣe pàtàkì jù. Íǹṣì kan lọ́sẹ̀ tó. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì, ní ìdájí. Ẹ gbé agolo tuna òfìfo sáàárín koríko, ẹ ṣí omi, kí ẹ wo iye ìṣẹ́jú tí omi inú agolo máa fi ga tó ìdajì íǹṣì. Ìṣẹ́jú yẹn ni kí ẹ tẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń ṣí omi fúnra rẹ̀.

Ẹ yẹ etí kọ́ńkéré wò, níbi tí oòrùn ti ń pa jù. Bí koríko ibẹ̀ bá ń pọ́n, ẹ fọwọ́ ya á, ẹ wo ìdí rẹ̀: kòkòrò dúdú wínníwínní tó ní ìyẹ́ funfun, chinch bug, lè wà níbẹ̀ tó ń fa omi ara rẹ̀ mu. Ẹ pa wọ́n kí ẹ tó lọ.

Ọmọ aládùúgbò mi ló ń bá mi gé koríko náà tí mi ò bá sí nílé. Mo máa ń sanwó rẹ̀ sílẹ̀, mo sì máa ń fi ibi tí wọ́n ti ń ti omi hàn án, bóyá páìpù á bẹ́.