Bí A Ṣe Ń Dá Jẹjẹrẹ Sẹ́ẹ̀lì C Inú Ẹṣẹ́ Táírọ́ìdì Mọ̀

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kókó tó ń yọ nínú ẹṣẹ́ táírọ́ìdì, níwájú ọrùn, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Nínú ìwọ̀nba tó jẹ́ jẹjẹrẹ, ọ̀kan wà tó ṣọ̀wọ́n, tí kì í sábà ju 5 lọ nínú 100, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní medullary carcinoma. Inú sẹ́ẹ̀lì C, tó ń pèsè họ́mónù calcitonin, ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè họ́mónù táírọ́ìdì gan-an. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò TSH, ìyẹn họ́mónù tó ń darí iṣẹ́ táírọ́ìdì, tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe, fi lè jáde láìní àbùkù kankan nígbà tí àrùn náà ti ń tàn káàkiri.

Ẹnu aláìsàn ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í bóyá ìgbẹ́ gbuuru ń yọ ọ́ lẹ́nu láìdáwọ́ dúró, bóyá ojú rẹ̀ máa ń ṣàdédé gbóná, àti bóyá ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ ti ní jẹjẹrẹ táírọ́ìdì tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń bá orí fífọ́ àti àyà jíjá wá. Ẹ wo ètè àti ahọ́n rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé oríṣi tí a ń jogún kan máa ń yọ kókó wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ síbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ultrasound, àwòrán tí a fi ìró yà. Ó ń fi ìtóbi kókó náà hàn, ó sì ń fi hàn bóyá àwọn kókó omi-ara ọrùn (lymph node) tó yí i ká ti wú, ṣùgbọ́n kò lè sọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́.

Ibi tí àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù, lójú tèmi, ni ìgbà tí a bá fi abẹ́rẹ́ fa sẹ́ẹ̀lì jáde fún àyẹ̀wò. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí lè gùn, wọ́n lè rí roboto, wọ́n sì lè fara jọ ti oríṣi jẹjẹrẹ mìíràn, débi pé ẹni tí kò fura sí i lè fi orúkọ mìíràn pè é. Bí ìfura bá wà, kí wọ́n fi omi iyọ̀ ṣan abẹ́rẹ́ náà, kí wọ́n sì wọn calcitonin inú omi ọ̀hún. Kí wọ́n tún fi àwọn èròjà àyẹ̀wò pa sẹ́ẹ̀lì náà láró: calcitonin, chromogranin (èròjà inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tú họ́mónù sílẹ̀ bíi sẹ́ẹ̀lì C) àti CEA (èròjà kan tí àwọn jẹjẹrẹ kan máa ń tú jáde) máa ń hàn, thyroglobulin (èròjà inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè họ́mónù táírọ́ìdì) kì í hàn. Bí ti chromogranin bá hàn tí ti calcitonin kò sì hàn, ẹ ronú nípa paraganglioma (kókó tó ń yọ lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́bàá iṣan ara), tàbí jẹjẹrẹ tó ti inú ẹ̀dọ̀fóró tàbí ìfun wá bà sí táírọ́ìdì.

Ẹ̀jẹ̀ ló kàn: calcitonin àti CEA. Bí calcitonin bá ju 100 pg/mL lọ, ìfura lágbára gan-an. Bí ó bá kéré sí èyí, ẹ má yára dájọ́, nítorí pé kídìnrín tó ń ṣàìsàn, sìgá mímu àti oògùn bí omeprazole lè gbé e sókè díẹ̀. Bí ó bá ju 500 lọ, a ní láti ya àwòrán ọrùn, àyà àti ẹ̀dọ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó ti ràn dé ibẹ̀.

Gbogbo ẹni tí àrùn náà bá hàn lára rẹ̀ ló yẹ kí a yẹ àbùdá (gene) rẹ̀ tó ń jẹ́ RET wò, kódà bí kò bá sí ẹni tó ní in nínú ẹbí. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan nínú wọn ló jogún rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ara ẹni yìí gan-an ni àṣìṣe inú àbùdá náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí abẹ tó kan ọrùn rárá, ẹ wọn metanephrine (ohun tí họ́mónù adrenaline ń dà nínú ara) inú ẹ̀jẹ̀ tàbí inú ìtọ̀ wákàtí 24, àti kálísíọ́ọ̀mù. Oríṣi tí a ń jogún lè bá pheochromocytoma rìn, ìyẹn kókó inú ẹṣẹ́ orí kídìnrín, tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sókè lójijì lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ débi ikú. Bí méjèèjì bá wà, ti orí kídìnrín ni a kọ́kọ́ ń yọ.