Bí ẹ ṣe máa kó ọmọ lọ wo ère òkúta Ẹ̀siẹ́ kí wọ́n lè rí i dáadáa

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ẹ̀siẹ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìpínlẹ̀ Kwara, ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọdún 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan: ọkùnrin, obìnrin, àwọn tó jókòó sórí àpótí, àwọn tó mú ohun ìjà dání. Síbẹ̀, mo ti rí ẹbí tó wọlé tó sì jáde kí ẹni tó ń mú wọn ká tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Wọ́n ya fọ́tò, ó parí. Tí wọ́n bá bi àwọn ọmọ nílé, “a rí òkúta” ni ìdáhùn wọn.

Ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣòro. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti Ìlọrin, mọ́tò Òmù-Àrán ni kẹ́ ẹ wọ̀, kẹ́ ẹ sọ fún awakọ̀ pé Ẹ̀siẹ́ lẹ̀ ń lọ. Ẹ lọ láàárọ̀, ẹ mú owó kéékèèké dání torí ṣéńjì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹun, kí wọ́n tọ̀, kí wọ́n tó wọlé. Ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìwé kan àti pẹ́ńsù kan. Pẹ́ńsù ni o, kì í ṣe báírò, torí àmì báírò lára òkúta kì í lọ bọ̀rọ̀. Kò sídìí láti ra pátákó ìyàwòrán; páálí bisikíìtì tẹ́ ẹ gé dọ́gba tó láti fi tẹ́ ìwé. Tí ìyá àgbà bá lè rìn, ẹ mú wọn lọ. Èmi kì í lọ láìmú àgbàlagbà kan dání, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Iwájú ère gan-an ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́.

Ọwọ́ ni ẹ kọ́kọ́ máa ṣọ́. Òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ àwọn ère yìí kì í ṣe akọ òkúta. Ó rọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbẹ́ ẹ fi lè fa ìlà tín-ín-rín sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí wọ́n sì di irun lé e lórí. Bó ṣe rọ̀ fún wọn náà ló ṣe rọ̀ fún òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ yín. Òógùn àti òróró àtẹ́lẹwọ́ náà ń ba ara rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ariwo “má fọwọ́ kàn án” kò ràn án, torí ọmọ á ti kàn án kẹ́ ẹ tó parí gbólóhùn. Ilé ni kẹ́ ẹ ti kọ́ wọn. Ẹ gbé ife kan sórí tábìlì, kí ọmọ kó ọwọ́ sẹ́yìn, kó yí i po, kó sọ nǹkan márùn-ún nípa rẹ̀. Ẹ ṣe é títí yóò fi mọ́ ọn lára. Kí òbí náà bọ́ òrùka sápò.

Ẹ má gbìyànjú láti wo gbogbo wọn. Ẹ rìn yí ká lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ère kan ṣoṣo, kó dúró síwájú rẹ̀, kó yà á. Irun ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀ sí ojú, ọrùn, ọwọ́, títí dé àpótí tó jókòó lé. Ibi tí ìyá àgbà ti wúlò rèé. Wọ́n á wo irun yẹn, wọ́n á sọ irú dídì tí wọ́n ń dì nígbà èwe wọn, ọmọ á sì tún gbójú sókè wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bá wọn fi orúkọ ilà òde òní sọ ilà ojú ère, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ sọ̀yà pé ará ìlú báyìí ni. Ọ̀pọ̀ ère náà ti kán, ọmọ á sì bèèrè ìdí. Ẹ jẹ́ kó bi ẹni tó ń mú yín ká fúnra rẹ̀, pẹ̀lú “ẹ kú iṣẹ́, sà” ṣáájú.

Wọ́n máa sọ ìtàn fún yín: àlejò làwọn ère yìí, wọ́n sì di òkúta. Ẹ jẹ́ kó parí. Bàbá tó bá já a gbà láti sọ pé irọ́ ni ti ba ọjọ́ náà jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún ọmọ pé ohun tí àwọn àgbà ìlú gbọ́ lẹ́nu bàbá wọn nìyẹn, pé àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó gbẹ́ wọn. Ẹ má sì sọ pé òyìnbó ló ṣàwárí wọn. Lọ́dún 1933 ni H. G. Ramshaw, tó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ CMS wò, ròyìn wọn fún ará òde. Àwọn ará Ẹ̀siẹ́ ti ń ṣe ọdún ìbílẹ̀ fún àwọn ère náà kó tó dé.

Nítorí ọdún ìbílẹ̀ yẹn, àwọn òbí kan á máa gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n á máa fa ọmọ sẹ́yìn. Ẹ̀rù á ba ọmọ, kò sì ní wo nǹkan kan mọ́. Ẹ jíròrò lórí ẹ̀sìn nílé kẹ́ ẹ tó gbéra. Níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá lẹ wá wò.

Fọ́tò ló kẹ́yìn. Ẹ gbàṣẹ, ẹ pa fíláàṣì, ère tí ọmọ yà nìkan ni kẹ́ ẹ yà.

Tí Ẹ̀siẹ́ bá jìn sí yín, ẹ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Ifẹ̀, ní Ẹnuwà, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1954. Bákan náà lẹ máa ṣe é: ọmọ kan, ère kan, pẹ́ńsù. Ẹ kàn máa ṣọ́ kí wọ́n má fi iwájú orí ti gíláàsì.